Ẹ má sáré lọ Ras Mohammed lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bí mo ṣe rí ṣọ́ọ̀bù tó kọ́ wa ní ìmòòkùn ní Sharm el-Sheikh

Kí n ti bẹ̀rẹ̀ látibi tó yẹ kó gbẹ̀yìn: máàkì 4 nínú 5 ni mo fún ṣọ́ọ̀bù yìí, màá sì tún padà lọ síbẹ̀. Máàkì kan tí mo yọ yẹn, ẹni tó ń bá wọn ya fọ́tò ló jẹ ẹ́, a máa dé ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo fẹ́ bú wọn díẹ̀, àti pé ṣọ́ọ̀bù tó ń mú àlejò lọ mòòkùn pọ̀ ní Sharm bíi rẹrẹ, ohun tó kàn mí ni kẹ́ ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa dá èyí tó dáa mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn fẹ́ gbowó ọwọ́ yín.

Fún ẹni tí ò mọ ibẹ̀, Sharm wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ní Sinai, ní Íjíbítì, níbi tí Òkun Pupa ti là sí méjì, apá kan kọjú sí Suez, apá kejì kọjú sí Aqaba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe COP27, ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní November 2022, ìgbà yẹn lèmi kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀. Lókè, aṣálẹ̀ ni ṣá, òkúta àti yanrìn, kò sí koríko tí ewúrẹ́ máa jẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ki orí bọ omi báyìí, ńṣe ló dà bíi pé gbogbo àwọ̀ tó yẹ kó wà lórí ilẹ̀ ló ti sá lọ sábẹ́ omi. Kò sí odò gidi kan tó ń ṣàn wọ inú òkun yẹn, oòrùn sì ń fa omi ẹ̀ lójoojúmọ́, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ kedere tó sì niyọ̀ ju àwọn òkun ńlá lọ, nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 40 ló wà nínú kílò omi kan níbẹ̀, níbi tó kù ó máa ń jẹ́ bíi 35. Mi ò fẹ́ ṣe tíṣà jọ́gíráfì o, ẹ máa rídìí tí mo fi sọ ọ́ tá a bá dé ọ̀rọ̀ òjé.

Ó dáa. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri Sharm, Ras Mohammed ló wà níbẹ̀. Ọgbà tí ìjọba ń dáàbò bò ni, ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, kò sì sí irú ẹ̀ ní Íjíbítì ṣáájú ìgbà yẹn. Nítorí náà ohun témi àti àbúrò mi obìnrin ń sọ kiri bá a ṣe débẹ̀ ni pé Ras Mohammed la fẹ́ lọ. Níbi tá a kọ́kọ́ wọ̀, wọ́n ní kò sí wàhálà, ẹ san owó, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Wọn ò bi wá bóyá a mọ̀wẹ̀, wọn ò bi wá bóyá etí ń dùn wá, owó ṣá. Mo ní àbúrò mi, dìde ká máa lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń hewú ló dá wa lóhùn, Kábítìn ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń pe ẹni tó ń kọ́ọ̀yàn níwẹ̀ tàbí eré ìdárayá lọ́dọ̀ wọn. Ó wò wá lókè nílẹ̀, ó ní ṣé ẹ ti mòòkùn rí, a ní rárá, ó ní tóò, Ras Mohammed ò ní sá lọ síbì kankan.

Inú bí mi o. Mo rò pé ó fẹ́ fa owó gùn ni.

Àmọ́ ó jókòó, ó ṣàlàyé ẹ̀ fún wa, kò sì kánjú. Ẹni tí ò tíì ní sátífíkéètì, tó kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, kò gbọdọ̀ kọjá mítà 12, ẹni tó bá ti ṣe Open Water tán, ìyẹn kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó ń fúnni ní sátífíkéètì, ló lè dé mítà 18. Ibi tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ ní Ras Mohammed, ìyẹn Shark Reef àti Yolanda Reef, ògiri iyùn ni ibẹ̀ (iyùn tó ń hù bí òkúta lábẹ́ òkun ni mò ń sọ, kì í ṣe ti ọrùn), ó ń já lọ sísàlẹ̀ dé ibi tójú ò lè tó, omi ẹ̀ sì máa ń ṣàn, lọ́jọ́ tó bá le, ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀ gan-an á kíyè sára. Ẹni tó ṣì ń bá etí ẹ̀ jà, tó ṣì ń ronú lórí bó ṣe máa mí, kí ló fẹ́ fi ògiri yẹn ṣe? Ó ní iyùn kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù níbi, ẹ̀ẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọ̀ ọ́ láti etíkun ni, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹja tó wà lọ́hùn-ún, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà níbí, wọn ò sì gba owó ìwọlé. Tí mo bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà nìyẹn: lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mòòkùn, ẹni tó dì yín mú lẹ̀ ń sanwó fún, kì í ṣe orúkọ ibi tẹ́ ẹ lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló gbé fọ́ọ̀mù jáde. Fọ́ọ̀mù yìí ṣe pàtàkì gan-an, ẹ má kàn máa fi "rárá" sí gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ lè tètè wọ omi. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ní asthma, bóyá ọkàn yín ń ṣe ségesège, bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún etí yín rí, bóyá ẹ lóyún, oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò, tí "bẹ́ẹ̀ ni" bá wọ ibi tó lágbára, dókítà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó mú yín lọ. Àbúrò mi ní asthma nígbà tó wà ní kékeré, ó kọ ọ́ síbẹ̀, Kábítìn ní ó di ọ̀la, kó lọ rí dókítà kọ́kọ́. Nítorí náà gbogbo ọjọ́ yẹn la fi jókòó, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo ti gbọ́ pé àwọn ibòmíì máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà pé kó fa igi sí "rárá" kí wọ́n má bàa pàdánù owó ọjọ́ yẹn. Ẹ sá fún wọn.

Ohun kejì tí mo gbóríyìn fún wọn lé lórí ni iye èèyàn. Òfin PADI, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn tó ń mòòkùn ní sátífíkéètì, ni pé tíṣà kan ò gbọdọ̀ kó ju èèyàn 4 tó ń tọ́ ọ wò lọ wọnú òkun lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi àti àbúrò mi nìkan ló kó, ọwọ́ ẹ̀ kan wà lára sílíńdà afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn mi, ọwọ́ kejì wà lára tiẹ̀. Ẹ béèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó sanwó, èèyàn mélòó ni tíṣà kan ń kó, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìdáhùn, ẹ mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Irinṣẹ́ ńkọ́? Kò burú, kò sì tuntun. Aṣọ rọ́bà tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ti ya lábẹ́ abíyá, mo dá a padà, wọ́n fún mi ní òmíì láìbínú. Wíwọ aṣọ yẹn gan-an, hùn, iṣẹ́ ni, ẹ̀ẹ́ fà á ẹ̀ẹ́ tì í, ẹ̀ẹ́ ti làágùn tán kẹ́ ẹ tó rí omi. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń gba afẹ́fẹ́ wà, òun ló so mọ́ sílíńdà, tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan afẹ́fẹ́ á wọ inú ẹ̀ ẹ̀ẹ́ léfòó lójú omi, tẹ́ ẹ bá tẹ ìkejì ẹ̀ẹ́ rì. Òjé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń dè é mọ́ ìdí, torí iyọ̀ inú omi yẹn ń gbé èèyàn sókè, aṣọ rọ́bà náà ń gbé e sókè, tí ò bá sí òjé ẹ̀ẹ́ kàn máa léfòó bíi pákó. Òjé tí wọ́n dè mọ́ mi kọ́kọ́ kéré, mo ń léfòó ṣá, Kábítìn fi kún un.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ dirun, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Gíláàsì ojú yẹn, rọ́bà etí ẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara yín yíká, tí irun kan ṣoṣo bá há sábẹ́ ẹ̀, omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ń gbà wọlé. Ẹ kó gbogbo irun sẹ́yìn, ẹ dì í pa nísàlẹ̀ ọrùn, ẹ má ko ó jọ sí àárín orí torí okùn gíláàsì ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ọkùnrin onírunmú náà á jìyà ẹ̀, ẹ bi Kábítìn.

Báyìí o, omi. Níbi tí omi ò ti kọjá àyà la ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó ní ká fi regulator sẹ́nu, ìyẹn rọ́bà téèyàn fi ń gba afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà, ká ki ojú bọ omi, ká máa mí. Gbogbo ara mi ló ń sọ fún mi pé irọ́ ni, èèyàn kì í mí lábẹ́ omi. Ó gba àkókò kí ara tó gbà. Lẹ́yìn náà ó ní ká yọ ọ́ lẹ́nu ká tún fi sí i padà, ká jẹ́ kí omi díẹ̀ wọ inú gíláàsì ká wá fi imú fẹ́ ẹ jáde, ká máa ṣe é títí tí àyà ò fi já wa mọ́. Ibí ni mo ti mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò, torí a pẹ́ lórí ẹ̀ gan-an, kò wo aago lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ẹ̀rù ba àbúrò mi tó dìde dúró fùú, Kábítìn náà dìde, ó ní kò sí nǹkan kan, mu omi, a máa tún un ṣe. Àwọn kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tíṣà wọn ti ń wọ́ wọn lọ sí ibi tó jìn kí ara wọn tó balẹ̀.

Òfin tó tún ń kọ lórin ni pé ẹ ò gbọdọ̀ sé èémí lábẹ́ omi láéláé. Ìdí ẹ̀ ni pé ní mítà 10, bí omi ṣe ń tẹ̀ yín ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi, afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ mí sínú níbẹ̀ ti há, tẹ́ ẹ bá sé e mọ́ ẹ̀dọ̀fóró tẹ́ ẹ wá ń bọ̀ lókè, á máa fẹ̀ sí i ni, ó lè ya ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ṣáà máa mí. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú sílíńdà tètè ń tán tẹ́ ẹ bá lọ jìnnà, bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe há tó nínú ẹ̀, bí 200 bar ló máa ń wà níbẹ̀ tó bá kún, wọ́n á fẹ́ kẹ́ ẹ ti wà lójú omi kó tó lọ sílẹ̀ ju 50. Èmi tí àyà ń já, mo mu tèmi kíákíá, àbúrò mi tó bẹ̀rù jù lókè wá balẹ̀ lábẹ́ omi ju mi lọ, tiẹ̀ ṣẹ́kù dáadáa.

Ọ̀rọ̀ etí nìyí. Láàárín mítà díẹ̀ àkọ́kọ́ ni etí ti máa ń dà èèyàn láàmú jù, ẹ̀ẹ́ fi ìka di imú, ẹ̀ẹ́ rọra fẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn pọ́ nínú etí, ẹ̀ẹ́ wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Kẹ́ ẹ ti máa ṣe é kó tó dùn yín. Tó bá dùn, ẹ gòkè díẹ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi agbára fẹ́ ẹ o, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là á pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Etí òsì mi kọ̀ jálẹ̀, mo fi ọwọ́ tọ́ka sí i, Kábítìn dúró, àbúrò mi dúró, gbogbo wa dúró sójú kan títí tó fi ṣí. Ẹ rí i, tá a bá wà nínú ọ̀wọ́ èèyàn púpọ̀, ta ló máa dúró dè mí?

Ẹ tún kọ́ àmì ọwọ́ dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, torí àtàǹpàkò tẹ́ ẹ máa ń nà sókè lórí WhatsApp láti sọ pé "ó dáa", lábẹ́ omi "jẹ́ ká gòkè" ló túmọ̀ sí. Tó bá dáa, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e lẹ ó fi ṣe òbìrí. Àìmọye èèyàn ni inú wọn dùn, tí wọ́n na àtàǹpàkò, tí tíṣà sì gbé wọn padà sókè.

Ohun tá a rí ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi ò gbà á. Iyùn tó rí gbìrìgbìrì, òmíì bí abẹ̀bẹ̀, ẹja kéékèèké olómi ọsàn tó ṣù bo orí iyùn yẹn tí gbogbo wọn á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà tá a bá sún mọ́ ọn. Ẹja tó ní ilà funfun tó ń gbé nínú òdòdó ẹlẹ́gùn-ún abẹ́ omi jáde sí mi, ó kéré ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fẹ́ bá mi jà. Lionfish na gbogbo ìyẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ kò tiẹ̀ kọ ibi ara sí wa, oró wà nínú ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹ̀, a ò dé ibẹ̀. Parrotfish ń bu iyùn jẹ, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ kedere bó ṣe ń rún un, ìgbẹ́ ẹ̀ sì wà lára ohun tó ń di yanrìn funfun táwọn èèyàn ń nà sí létíkun, ẹ máa fọkàn sí i nígbà míì tẹ́ ẹ bá tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì. Ẹ mọ̀ pé àwọ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń pòórá lábẹ́ omi, bẹ́ ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀ gbogbo nǹkan á máa di búlúù, gíláàsì ojú náà á sì jẹ́ kí nǹkan tóbi lójú yín jù bó ṣe rí lọ, nítorí náà tẹ́nikẹ́ni bá ní ẹja tóun rí tó báyìí, ẹ yọ díẹ̀ kúrò ńbẹ̀.

Ṣáàkì? A ò rí ìkankan. Lóòótọ́, ní December 2010, ṣáàkì bu àwọn tó ń wẹ̀ ní etíkun Sharm jẹ, ìyá àgbàlagbà kan tó wá láti Jámánì sì kú, wọ́n ti etíkun pa nígbà yẹn. Mi ò ní parọ́ fún yín pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Àmọ́ etí mi ló gba gbogbo ìbẹ̀rù mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò ráàyè ro ti ṣáàkì.

Ìgbà tó rí i pé a ti ń mí bó ṣe yẹ, Kábítìn fúnra ẹ̀ ló ní ó yá, ẹ wá sínú ọkọ̀ tó ń lọ Ras Mohammed. Àwọn tó ní sátífíkéètì lọ sí Yolanda, ó mú àwa lọ sí ibi tí omi ti dákẹ́ tí kò sì jìn nínú ọgbà náà. Yolanda yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù láti Cyprus ló fi orí sọ iyùn níbẹ̀ lọ́dún 1980, ohun tó kó ni àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti báàfù, ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀ yọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ òkun nígbà tó yá àmọ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, funfun, iyùn ti ń hù lára wọn. Àwọn tó lọ fi fídíò hàn wá, ẹja kan wọ inú ìkan lọ, ó yọjú síta bíi pé ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ ṣubú sínú òkun.

Ọkọ̀ yẹn há díẹ̀ o. Oúnjẹ wà, ó dáa, ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń rìn lára, kó lo oògùn ẹ̀ kó tó wọlé, kó sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá èèyàn lè mòòkùn pẹ̀lú ẹ̀, torí òmíì ń kunni lóorun.

Wàyí o, onífọ́tò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹnì kan máa tẹ̀ lé wa pẹ̀lú kámẹ́rà. A ṣáà rí i lábẹ́ omi, ó fa apá mi pé kí n yíjú, ó ní kí n ṣe ọwọ́ báyìí, lákòókò tí mò ń fi imú fẹ́ etí. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ó kúnlẹ̀ lórí iyùn kó lè ya fọ́tò tó dáa. Iyùn tó rí gbìrìgbìrì yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún! Nínú ọgbà yẹn, wọn ò gbà kéèyàn wọ ìbọ̀wọ́, torí ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ á fẹ́ di iyùn mú, èèyàn ò gbọdọ̀ fún ẹja lóúnjẹ, èèyàn ò gbọdọ̀ mú ìkarahun kan lọ sílé, àmọ́ onífọ́tò kúnlẹ̀ síbẹ̀ bíi pé ilé bàbá ẹ̀ ni. A dé òkè, ó wá pe owó fọ́tò, owó yẹn le, ó sì ń tẹ̀ lé àbúrò mi kiri inú ọkọ̀. Mo sọ fún Kábítìn, ojú tì í, ó ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, ó kàn ń bá àwọn ṣe ni. Ìyẹn ò kàn mí. Ẹni tẹ́ ẹ gbà wọnú ọkọ̀ yín, tiyín ni. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń sanwó pé ẹ ò fẹ́ fọ́tò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Lórí owó, mi ò ní kọ iye torí ó ń yí. Euro tàbí dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi pè é fún àlejò. Ẹ béèrè bóyá owó ìwọlé ọgbà wà nínú ẹ̀, bóyá yíyá irinṣẹ́ wà nínú ẹ̀, bóyá ọkọ̀ láti hòtẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀. Ti wọn wà nínú ẹ̀ àfi ti ọgbà, wọ́n sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ tún wo ara ògiri wọn bóyá ìwé CDWS wà níbẹ̀, àwọn ló ń rí sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìmòòkùn ní Íjíbítì.

Ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ náà ṣe pàtàkì, ní February omi yẹn lè jẹ́ bíi dígíríì 21 tàbí 22, kò dùn mọ́ ara, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní aṣọ rọ́bà tó nípọn, ní August ó máa ń gbóná dé 28. Ẹ má sì fi ìmòòkùn sí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ bàlúù padà. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, ó kéré tán kẹ́ ẹ dúró wákàtí 12, tó bá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, 18, torí nitrogen, ìyẹn gáàsì inú afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ mí, tó wọ ara lábẹ́ omi gbọ́dọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Kábítìn béèrè ọjọ́ tá à ń padà kó tó fi orúkọ wa sílẹ̀ rárá, mo tún fún un ní máàkì fún ìyẹn.

Àbúrò mi ti pinnu pé òun máa lọ ṣe kọ́ọ̀sì Open Water. Ó gbọ́dọ̀ lè wẹ mítà 200 láìdúró kó sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10 kí wọ́n tó fún un ní sátífíkéètì, mítà 50 ló lè wẹ̀ báyìí, ó ti ń sú òun náà. Àmọ́ ó ní òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn.